Ọ̀rọ̀ Kan Ni "Dùn"

Yàrá méjì ni wá, lẹ́yìn ilé epo, ní Sabon Tasha ní Kàdúná.
Ọyẹ́ ti gba ẹnu ọ̀nà kí a tó ṣílẹ̀kùn;
eruku rẹ̀ jókòó sórí àga bí ẹni tó ti gba káàdì.
Bobai ń gbé omi kaná. Kì í ṣe ti tíì:
rọ́bà mẹ́sàn-án ló fẹ́ rọ omi gbígbóná sí.
Ọ̀kan ń jò. Ó ti lẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́.
Ẹ̀yìn tirẹ̀ ò tọ́ mọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ gbókìtì lọ́nà Kachia.
Kì í sọ ọ́.
Ọwọ́ tó fi ń di ògiri mú ló ń bá a sọ ọ́.

Inna Wuro dé láti Rigachikun, ọ̀pá rẹ̀ ló ṣíwájú wọlé.
Mo béèrè bí ìwé ṣe ní kí n béèrè:
láti oókan dé ẹẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín lónìí?
Ó wò mí bí ẹni tí mo béèrè iye màlúù bàbá rẹ̀.
"A kì í kà á," ló wí. "Bí a bá kà á, yóò gbọ́."
Mo rántí ìyá mi l'Ọ́ffà: a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ.
Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Lantana tó ń túmọ̀ fún wa ní,
"Zafi" la máa ń pè é lédè Háúsá.
Iná tó jó ọ, oòrùn ọ̀sán, orúnkún tó ń ro ọ́,
zafi ni gbogbo wọn. Tiyín ńkọ́?
Mo ní, "dùn" ni.
Ó ní, ṣebí "dùn" lẹ fi ń yin oyin?
Òun náà ni.
Oyin dùn. Orúnkún ń dùn mí.
"Mí" yẹn nìkan ló wà láàárín,
bíńtín, bí ẹni tó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn
kí yàrá méjì má baà wọnú ara wọn.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún tirẹ̀ mú.

Oṣù parí. Ìwé dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fún wa lówó,
ní Maitama, l'Ábújá.
Òpó kẹrin: iye ẹni tó ti sàn.
Mo kọ òdo. Mo tún un wò. Òdo náà ni.
Bobai ní kí n kọ mẹ́ta, kí wọ́n má baà gé owó omi.
Lantana ní, "Ta lo fẹ́ pè ní mẹ́ta?"
A dákẹ́.
Baba Tanko tó ń jókòó kírun láti ọdún mẹ́fà
forí kanlẹ̀ ní Jímọ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan péré.
Òpó wo ni wọ́n ń kọ ìyẹn sí?

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni tèmi lórí fóònù.
Aago méjì kọjá díẹ̀, ó dún.
Ẹni náà ò wí nǹkan kan. Èémí ni mo ń gbọ́,
ó ń lọ, ó ń dúró,
bí ẹni ń fa korobá láti inú kànga jíjìn.
Mi ò sọ fún un pé yóò dáa. A ti fòfin dè é láàárín ara wa.
Mo ní, "Mo wà níbí,"
mo gbé ẹsẹ̀ tó wú sórí ìrọ̀rí, mo sì wà níbẹ̀.
Àkùkọ àwọn ará ilé kejì kọ kó tó sọ̀rọ̀:
"Nagode. Mi ò kàn fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá èmi nìkan ni."
Ó gbé e sílẹ̀.

Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Nínú ìwé, mo kọ:
ẹnì kan, wákàtí mẹ́ta, kò sàn.
Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, mo rọ omi sínú rọ́bà tí a lẹ̀ yẹn,
mo gbé e lé ẹ̀yìn Bobai kó tó rí ààyè kọ̀.
Ó mí kanlẹ̀.
"Ó dùn," ló wí, ní Yorùbá tí mo kọ́ ọ.
Mo ń dúró de "mí".
Omi ń kán tó, tó, sílẹ̀.
Kò fi kún un.